Ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ lórí òkúta: ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fi ojú ara yín rí

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti dé ibi tí ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ wà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ròyìn fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Odò Paluxy ni mo lọ, nílùú Glen Rose, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Dinosaur Valley. Àkókò ooru ni, omi ti fà débi pé èèyàn lè rìn lórí àpáta ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò jọ ẹsẹ̀ rárá. Kòtò ńlá kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan, omi díẹ̀ dúró sínú rẹ̀. Ìgbà tí mo rí òmíràn níwájú, tí mo tún rí ìkẹta, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, orí mi wú. Ẹranko kan ló gba ibí yìí kọjá! Etí kòtò náà ga sókè díẹ̀, torí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ti fún jáde yíká. Ẹran ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ ewé, Sauroposeidon, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ni ín. Nítòsí rẹ̀ ni ti ajẹran Acrocanthosaurus wà, ọmọ ìka mẹ́ta, tó rí ṣóńṣó níbi tí èékánná ti wọlẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, kò kún ìdajì rẹ̀.

Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 113 ọdún sẹ́yìn, etíkun ni ibẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkun á kún bò ó, á tún fà padà. Ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun tó ti lọ̀ kúnná ló pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà, òun ló wá di òkúta ẹfun. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà mí lọ́kàn jù nìyí: bí ẹrẹ̀ bá rọ̀ jù, kòtò á ya padà dí, bí ó bá gbẹ jù, ẹsẹ̀ kò ní wọlé. Ó ní láti ṣe déédéé lọ́jọ́ tí ẹranko náà kọjá gan-an, kí ó sì gan díẹ̀, kí erùpẹ̀ mìíràn tó yàtọ̀ sí i bò ó mọ́lẹ̀ kí ìgbì tó pa á rẹ́. Nígbà tó yá, odò wá jẹ erùpẹ̀ rírọ̀ orí rẹ̀ lọ, èyí tó le sì kù. Omi kan náà tó tú u síta fún wa ló tún ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń dùn mí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òmìrán èèyàn wà láàárín wọn. Mo wo irú èyí tí wọ́n ń wí dáadáa. Ajẹran oníka mẹ́ta ló fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú, ẹrẹ̀ wá ya padà dí ojú ìka, ó kù gbọọrọ. Lóòótọ́, àwọn kan gbẹ́ ayédèrú tà nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Roland T. Bird, ọkùnrin tó ń wá egungun ẹranko ayé àtijọ́ kiri, wá síbẹ̀ ní 1938, tó fi rí ojúlówó ẹsẹ̀ ẹran ọlọ́rùn gígùn.

———

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà ni èmi ti rí tèmi, ní Red Gulch, nítòsí ìlú kékeré tó ń jẹ́ Shell. Ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ọ̀sán gangan ni mo dé, òkúta lásán ni mo ń wò. Mo dúró dìgbà tí oòrùn rọlẹ̀, òjìji wá ń wọ inú kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ oníka mẹ́ta sì ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún, gbogbo ilẹ̀ kún. Àwọn ìlà tí ìgbì fà sórí ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bíi pé òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ni. Ó sì ti tó mílíọ̀nù 167 ọdún! Kí wọ́n tó rí àwọn ẹsẹ̀ yìí ní 1997, èrò àwọn onímọ̀ ni pé òkun ló bo gbogbo agbègbè yẹn nígbà náà. Ẹsẹ̀ ẹran tó rìn níbẹ̀ ló já irọ́ rẹ̀, torí dáínósọ̀ wọ̀nyí kì í gbé inú òkun.

———

Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí lára àwọn ti Paluxy yín, àmọ́ New York ni. Bird àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé odindi abala kan kúrò nínú odò náà ní 1940, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé American Museum of Natural History, lẹ́yìn egungun Apatosaurus, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn mìíràn. Èèyàn á rò pé egungun yẹn ló ni ẹsẹ̀ náà. Rárá o, Apatosaurus ti kú tán ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹrẹ̀ yẹn. Ní 1989, àwọn onímọ̀ sọ irú ojú ẹsẹ̀ náà ní Brontopodus birdi, láti fi yẹ́ Bird sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ibi tí ìrù ti wọ́ nílẹ̀?

———

N kò rí i o, àbúrò. Bird náà kíyè sí i pé ìrù kò wọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbé e sókè bí wọ́n ti ń rìn. Ẹni tó bá ń lọ sí Paluxy, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bóyá omi ti fà. Nígbà ọ̀dá ńlá ọdún 2022, àwọn ẹsẹ̀ tí omi àti ẹrẹ̀ máa ń bò yọ síta. Ẹ mú ìgbálẹ̀ rírọ̀ dání, kí ẹ fi gbá iyanrìn inú wọn, ẹ má fi irin họ ọ́. Ta ló tún kàn?