Àyẹ̀wò jíìnì fún ọ́tísíìmù: ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀

Àkànkẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bí wọ́n bá yẹ krómósómù ọmọ wò, tí wọn ò rí nǹkan kan, ṣé ó já sí pé ọ́tísíìmù rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Microarray máa ń rí ibi tí krómósómù ti gé kúrò tàbí tó ti di ìlọ́po, bíi 16p11.2, ibì kan lórí krómósómù 16. Kì í rí àṣìkọ lẹ́tà DNA kan ṣoṣo, kì í sì í rí Fragile X, àìsàn àbínibí kan tó lè fa ọ́tísíìmù. Àyẹ̀wò tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni: wọ́n á ka iye ìgbà tí lẹ́tà DNA mẹ́ta, CGG, tún ara rẹ̀ kọ nínú jíìnì FMR1. Tó bá ti lé ní 200, Fragile X ni. Láti 55 sí 200, bó bá jẹ́ obìnrin ló ní in, ó lè gùn sí i lára ọmọ rẹ̀.

Àdìgún: Ẹ fi exome, àyẹ̀wò tó ń ka lẹ́tà apá jíìnì tó ń ṣe purotéènì, kún un, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ti bàbá àti ti ìyá pọ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ nìkan, wọn ò ní mọ ìyípadà tó jogún yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ọmọ, tí kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ òbí.

Làbákẹ́: Ti ìyá ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ìyá Ìbejì: Làbákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti di ẹ̀bi ru àwọn ìyá tó. Nínú àwọn ìyípadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, inú àtọ̀ bàbá ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, wọ́n sì ń pọ̀ sí i bí bàbá ṣe ń dàgbà.

Làbákẹ́: Ìlọ́po 15q, apá kan krómósómù 15, ńkọ́? Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá wá ló sábà máa ń fa ọ́tísíìmù.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni.

Àdìgún: Ìwádìí kan ní 2020 tú DNA èèyàn tó lé ní 35,000 wò, ó sì tọ́ka sí jíìnì 102. Síbẹ̀, díẹ̀ lára àwọn ọmọ ni ìyẹn ṣàlàyé. Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ, àìmọye ìyípadà kéékèèké tó wà káàkiri lára gbogbo èèyàn ló para pọ̀ fà á.

Olóye: Ẹ má gbàgbé SCN2A, torí oògùn ni. Jíìnì yìí ló ń ṣe ihò tí sódíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí ìyípadà bá mú kí ihò náà ṣiṣẹ́ jù, gìrì sábà máa ń dé kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta, oògùn tó ń dí sódíọ̀mù, bíi carbamazepine, sì sábà máa ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá sọ ọ́ di aláìlágbára, ọ́tísíìmù ló sábà ń yọrí sí. Bí gìrì bá wá dé lẹ́yìn náà, oògùn yẹn kan náà lè mú un le sí i! Orúkọ jíìnì nìkan kò tó.

Àkànkẹ́: Háà. Àbúrò tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé e ńkọ́?

Olóye: Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ọ́tísíìmù, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún. Tó bá jẹ́ ìyípadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló fà á, ó kéré sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyípadà náà lè ti fara pamọ́ sínú ẹyin mìíràn ti ìyá tàbí àtọ̀ mìíràn ti bàbá.

Àdìgún: Bí èsì bá ní ìtumọ̀ rẹ̀ ò tíì dájú, ẹ má jù ú nù. Lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, ẹ ní kí wọ́n tún dátà náà kà. Kò pọn dandan kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀.