Ta ni wọ́n ti dá jókòó sí pápákọ̀ òfurufú rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Ọjọ́ Sátidé ni, ìdána àbúrò mi ní Àbújá. Aago méje àárọ̀ ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì mi láti Èkó, aago mọ́kànlá ni alága máa bẹ̀rẹ̀. Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ wà nínú ike lórí itan mi, kó má baà rún.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ká tó gbọ́ ohùn kankan: "operational reasons." Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó kọ́ mi. Wọ́n sún un sí mẹ́jọ, wọ́n tún sún un sí mẹ́sàn-án. Bàbá tó jókòó tì mí bọ́ bàtà, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní, "Ìyàwó, fara balẹ̀, àwa ti mọ̀ wọ́n."

Nígbà tí mẹ́sàn-án tún kọjá, mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà ní kántà. "Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù, bàálù ti ń bọ̀." Mo ní mo ti ṣe é tó. Ọmọ mi ti fi òfin NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ránṣẹ́ sórí fóònù mi: bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ kọjá wákàtí kan, kí wọ́n fún èrò ní ìpanu, bó bá kọjá wákàtí méjì, ẹni tí kò lè dúró mọ́ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà láìku kọ́bọ̀. Mo kà á sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi lè gbọ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí páálí míìtì páì fi yọ. Níbo ló wà látàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ni wọn ò fẹ́ gbọ́. "Èyí tẹ́ ẹ rà yìí, owó rẹ̀ kì í padà." Mo wá òṣìṣẹ́ NCAA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ èrò lọ. Ó bá mi padà sí kántà, kò pariwo, ó kàn béèrè orúkọ ọ̀gá wọn. Fọ́ọ̀mù jáde. Ẹni tó bá san owó lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n dá a padà. Tèmi tó jẹ́ ti káàdì, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló wọlé, lẹ́yìn tí mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orí WhatsApp ni mo ti wo bí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń dọ̀bálẹ̀, èmi àti gèlè mi lórí àga irin.

—

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Heathrow sí Èkó ni tèmi, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́fà. Wákàtí márùn-ún la fi pẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bàálù ni kẹ́ ẹ máa kà o, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Bàálù tó bá gbéra láti UK, ẹni yòówù tó ni ín, òfin ibẹ̀ ló mú un. Bí ọ̀nà bá jìn tó báyìí, tí ẹ sì fi wákàtí mẹ́rin pẹ́ dé, £520 ni owó gbà-má-bínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ fi voucher £100 lọ̀ mí. Mo kọ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sí wọn pé ilé ẹjọ́ ti sọ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Huzar, pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lásán kì í ṣe àwíjàre. Oṣù mẹ́ta la fi fà á. £1,560 ló wọlé, torí ọmọ náà ní ìjókòó tirẹ̀. Tiyín ti pẹ́? Ọdún mẹ́fà lẹ ní láti béèrè ní England.

—

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rówó gbà, ẹ kú oríire. Ọyẹ́ ló dá tèmi dúró ní Kánò, mi ò lè bá ojú ọjọ́ jà. Ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn mí: wọ́n fagi lé e pátápátá, ooru ń mú, mo fi boarding pass ṣe abẹ̀bẹ̀ títí ó fi ya, mo sọ ọ́ nù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú un wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi sórí fóònù mi nìkan ló kù. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gbà á?