Àrá dá iná sórí òkè lẹ́yìn ilé wa: ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ bá mi sọ ọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóru àná, àrá sán títí lórí òkè ẹ̀yìn wa, òjò tó tẹ̀ lé e kò rin ilẹ̀ rárá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan nítòsí góńgó òkè. Àwọn panápaná ní àwọn ti rí i, pé kò tíì fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí, ìgbà wo lẹ kúrò nílé? Mi ò kúrò lẹ́nu fèrèsé látàárọ̀.

Akéde: Ẹ máa lọ báyìí.

Bàbá Dúró: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Èéfín kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ iná àrá ló ń kú fúnra rẹ̀.

Olókè: Òótọ́ ni, Bàbá, ọ̀pọ̀ ń kú. Èyí tí kò kú ni mo fẹ́ sọ. Ọdún 7 ni mo fi bá àwọn tó ń fi ọkọ́ pa iná igbó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n rán wa lọ síbi igi páìnì kan tí àrá là láti orí dé ìdí. A gbẹ́ yàrà yí i ká, a da omi sí i, èéfín tán. Ọ̀gá wa ní ká bọ́ ìbọ̀wọ́, ká máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ooru nínú eérú, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi yí ibẹ̀ ká. Gbogbo ibi tí mo fọwọ́ bà tutù bí amọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ dé, iná yọ jáde lẹ́yìn yàrà wa. Gbòǹgbò kan ló ti ń jẹ bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ yẹ apá ibẹ̀ wò. N ò tíì gbàgbé.

Tánímọ̀la: Ọjọ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ ilẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé ẹlòmíràn ló dáná síbẹ̀.

Ará Sierra: Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti iná Tamarack ní California ni? Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2021 ni àrá dá a sílẹ̀ lórí òkè olókùúta, kò tó éékà kan. Wọ́n ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Ní ọjọ́ 16, afẹ́fẹ́ gbé e, àwọn ará Markleeville sá kúrò nílé, ó sì jó ju 68,000 éékà lọ kí apá tó ká a. Ọjọ́ 12 gbáko rèé.

Tánímọ̀la: Ó dáa, mo gbà lórí ti ọjọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn! Kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n pa á.

Olókè: Àbúrò, ẹnu ẹni tí kò gùn ún rí ni "kí wọ́n gun òkè" ti ń rọrùn. Katapílà ò lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ́ àti àáké ni. Ìtì igi tó ń jó á yí gbirigbiri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, á lọ ran koríko ìsàlẹ̀. Iná tí o rò pé ó wà lókè ti wà lábẹ́ rẹ nìyẹn, ó sì ń gun òkè bọ̀, torí ooru rẹ̀ ti yan ohun tó wà níwájú gbẹ kó tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ò lè bá a dù ú. Àrá ló dá iná Mann Gulch sílẹ̀ ní Montana lọ́dún 1949: àwọn panápaná 16 ló wà nínú àfonífojì yẹn, 13 kú. Àrá náà ló dá ti South Canyon ní Colorado lọ́dún 1994: 14 kú. Nígbà míì, ó sàn ká lọ gé igbó lẹ́bàá ọ̀nà àti lẹ́yìn ilé, ká dúró dè é níbẹ̀, ju ká rán ọmọ ọlọ́mọ wọ ọ̀gbun.

Tánímọ̀la: Ilé wa jó, ẹ̀gbọ́n. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Wọ́n ń ṣọ́ tiwa náà.

Olókè: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. N ò mọ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ló jó, ìbéèrè tí èmi náà á bi wọ́n nìyẹn.

Àdùkẹ́: Ní tiwa, géètì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Agogo 2 òru, wọ́n ní ká máa lọ. Mọ́mì mi ti wà nínú ọkọ̀, àpò oògùn wọn wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ti pa iná mànàmáná gbogbo àdúgbò, géètì oníná ò ṣí. Màjàlà ń bọ́ sórí gíláàsì ọkọ̀, etí àwọn mìíràn ṣì ń pọ́n. Ọkọ mi fi eyín gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń tú u. Ọdún 6 la ti wà nínú ilé yẹn, a ò fọwọ́ kàn án rí.

Akéde: Ilẹ̀kùn gáráàjì wa náà! Okùn kan wà lókè tí wọ́n ń fà, n ò mọ̀ títí iná fi lọ.

Bàbá Dúró: Ẹ bá fi ọkọ̀ kọlù ú kẹ́ ẹ máa lọ.

Àdùkẹ́: Géètì irin ni, Bàbá. Mọ́mì mi ló wà níwájú ọkọ̀.

Bàbá Dúró: Ẹ má bínú, ìyá mi.

Jídé: Ìyá Ìbejì, mo ní dróònù o. Mo lè fi wo èéfín yẹn fún yín.

Olókè: Má dán an wò! Bí wọ́n bá rí dróònù lójú ọ̀run, hẹlikópítà tó ń da omi á balẹ̀ kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.

Ará Sierra: Ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò nínú gọ́tà òrùlé lónìí. Ẹ kó igi ìdáná àti àga jìnnà sí ògiri. Ẹyin iná tí afẹ́fẹ́ gbé wá ló sábà ń jó ilé, kì í dúró kí iná ńlá dé.

Akéde: Ṣé kí wọ́n ṣí omi sílẹ̀ sórí òrùlé kí wọ́n tó lọ?

Ará Sierra: Rárá. Omi tí àwọn panápaná fẹ́ lò lẹ ń dà nù yẹn.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣé. A lọ dán géètì wò: ọwọ́ irin rẹ̀ ti dípẹtà, bàbá wọn ń fi epo pa á báyìí. Àwọn ọmọ ti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi láti agogo 3. Èéfín ti di méjì.