Ọmọ mi ò gbójú kúrò lára fóònù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, Tọ́lá mi ti pé ọmọ ọdún 13. Lánàá mo jókòó tì í, mo ń wo àtàǹpàkò rẹ̀: ó ń fà á sókè, ó ń fà á sókè, fídíò kan ò tíì parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ti wò. Kò rántí ẹyọ kan. Ó dùn mí wọra. Ṣé kí n gba fóònù náà ni?

Bàbá Adé: Ẹ má tíì gbà á o, Ìyá Tọ́lá. Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń ṣe géèmù, ló yọ wá nílé tiwa. Àwọn MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ á máa to àṣẹ aláwọ̀ mèremère léra wọn, á fi ṣe géèmù tirẹ̀. Ológbò inú géèmù tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ ṣe ń gba inú ògiri kọjá ni! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá àṣìṣe yẹn. Ọjọ́ tó rí i, ariwo rẹ̀ jí gbogbo ilé.

Àǹtí Olùkọ́: Ẹ pa ètò tó ń mú fídíò tẹ̀lé ara wọn lórí YouTube. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo wíwò ló burú. Ẹni tó wo bí wọ́n ṣe ń ta gìtá, tó sì gbé gìtá, kò jókòó lásán.

Ìyá Tọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bi í láàárọ̀ yìí pé irú géèmù wo ló wù ú láti ṣe. Ó ní ti bọ́ọ̀lù. Ó ti ń ya pápá rẹ̀ sínú ìwé.