Sikapúlà kì í ṣe ońdè: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará Ìjọ Àgùdà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí àjọ̀dún Ìyá Wa ti Òkè Kámẹ́lì, ọjọ́ 16 oṣù Keje, bá ti ń súnmọ́, àwọn tó fẹ́ gba sikapúlà, aṣọ kékeré ìfọkànsìn tí à ń fi kọ́rùn, máa ń pọ̀. Báwo ló ṣe yẹ ká gbà á?

Ẹ̀gbọ́n inú ìjọ: Aṣọ ni ká kọ́kọ́ wò. Ègé méjì aláwọ̀ búráùn ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, okùn méjì ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan á wà láyà, èkejì á wà lẹ́yìn. Kíká a sínú pọ́ọ̀sì kì í ṣe wíwọ̀. Àwòrán ara rẹ̀ kò pọn dandan. Ti àkọ́kọ́, Fádà tàbí díákónì ló máa súre sí i, tó sì máa fi wọ ẹni náà. Ẹni tó kàn rà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó fi kọ́rùn kò tíì gbà á. Tó bá gbó, ẹ wọ òmíràn, ẹ ò ní padà lọ gbà á. Ẹ sun èyí tó gbó tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí aṣọ ń yún lára lè lo mẹ́dà, àmì onírin kékeré, tí Fádà ti súre sí; Póòpù Pius Kẹwàá ló fàyè gbà á ní 1910. Ṣùgbọ́n aṣọ la fi ń gbà á ná.

Olùkọ́ Katikísìmù: Ìlérí tí wọ́n ní Màríà ṣe nípa sikapúlà ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ní ìdajì: pé ẹni tó bá kú tòun ti sikapúlà lọ́rùn kò ní jìyà iná àìnípẹ̀kun. Wọ́n á wá pa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tì. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ, ní ìpínrọ̀ 2111, pe gbígbára lé ohun tójú ń rí láìsí ọkàn níbẹ̀ ní ìgbàgbọ́ asán. Ẹ̀wù àwọn mọ́ńkì àti sístà ẹgbẹ́ Kámẹ́lì ni a gé kéré tó di sikapúlà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ gbà láti máa gbàdúrà lójoojúmọ́, láti pa ara rẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ ipò rẹ̀, àpọ́n tàbí tọkọtaya, àti láti máa hu ìwà Màríà. Bí okùn bá já láàárọ̀ tẹ́ ẹ wá ń bẹ̀rù àtijáde nílé, ońdè lẹ wọ̀. Ẹ lè bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀, kò ba nǹkan kan jẹ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Nófénà, àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, ńkọ́? Béèyàn bá gbàgbé ọjọ́ kẹfà, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Olùkọ́ Katikísìmù: Kò bàjẹ́, àbúrò. Ẹ máa bá a lọ. Láàárín Ìgòkè-re-ọ̀run àti Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn Àpọ́sítélì àti Màríà fi ọkàn kan gbàdúrà. Ibẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ti wá. Kì í ṣe iye tí Ọlọ́run ń kà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwé tó bá ní kẹ́ ẹ dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ aburú á ṣẹlẹ̀, ẹ fà á ya. Ẹ kọ ẹ̀bẹ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi “ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ” parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìṣubú ẹnì kan lẹ̀bẹ̀ náà ń wá, ẹ tún un kọ kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní.