Ẹyọ owó mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ pidán. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo wà. Idán tí mo ń kọ́ ni èyí tí owó ẹyọ ń ti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ méjèèjì kò sì kan ara wọn. Ẹyọ 100 fáráńkì ni mo ń lò, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ onídán ilẹ̀ òkèèrè a máa lo mẹ́rin, àwọn mìíràn mẹ́ta. Bí àkọ́kọ́ bá bọ́ sódìkejì, ẹnu á ya àwọn ènìyàn. Bó bá di ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń ṣọ́. Ẹ̀kẹrin ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹyọ kan ṣì wà tí mo ń fi pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, mẹ́rin di márùn-ún nìyẹn, wọ́n á sì máa dún. Lóde ìkómọ, ńṣe ni wọ́n máa ń yí mi ká, tẹ̀yìn tiwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é lójú agbo, ṣé mẹ́ta tó? Bó bá jẹ́ mẹ́rin, báwo lẹ ṣe ń ṣe ẹ̀kẹrin kó má baà jọ àwọn tó ṣáájú?