Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìlànà ìdúró tuntun fún àwọn tó ti pẹ́ nídìí yógà

Mo fẹ́ jábọ̀ kí n tó pa ìjíròrò yìí dé. Mo béèrè bí mo ṣe lè fi ìlànà tuntun fún ìdúró onígun mẹ́ta, ìyẹn Trikonasana (ẹsẹ̀ méjèèjì á jìnnà síra, ènìyàn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì na ọwọ́ sílẹ̀), han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ti àtijọ́ ti mọ́ lára, tí wọ́n gbà pé ìbàdí gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ̀yìn ti ògiri. Ìlànà tuntun gbà kí egungun ìbàdí yí síwájú díẹ̀, nítorí pé ihò tí orí egungun itan wọ̀ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n dín àlàyé kù ló ṣiṣẹ́ jù. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe apá ọ̀tún bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní apá òsì, kí wọ́n sún ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra díẹ̀, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé búlọ́ọ̀kù yógà (ohun fífúyẹ́ tí a fi ń gbé ọwọ́ ró) dípò ilẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìbàdí òkè yí bó ṣe fẹ́. Orúnkún iwájú tó máa ń tẹ̀ sínú wá kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn tó pẹ́ jù ló ṣiyèméjì jù, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan ṣì yan ti àtijọ́. Kò ní ìrora, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣeun, mo ti rí ìdáhùn tí mo ń wá.